Ẹsẹ̀ wíwú nínú oyún: ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ irun

Onídìrí ni mí ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ wa kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Nígbà tí oyún àkọ́bí mi wọ oṣù keje, tó sì bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì ní di ìrọ̀lẹ́ tí okùn bàtà á ti wọnú ẹran ẹsẹ̀ mi. Kókósẹ̀ ò ní hàn mọ́. Tí mo bá fìka tẹ ojúgun, ibẹ̀ á jìn wọnú, á pẹ́ díẹ̀ kó tó kún padà. Àwọn oníbàárà ń sọ tiwọn: ẹnìkan ní ọkùnrin ni màá bí, òmíràn ní ìbejì ni, ẹlòmíì ní kí n dín omi mímu kù torí omi ló dá sí mi lẹ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń tọ́jú wa ló là á yé mi, bó sì ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo aboyún tó bá jókòó sórí àga mi. Ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń pọ̀ sí i, ó lè fi bí ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rọrùn fún ẹ̀jẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, àtigòkè padà ló nira, torí ilé ọmọ tó ti wúwo ń tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Omi á wá máa jò láti inú iṣan sínú ẹran ẹsẹ̀. Ooru ń dá kún un, ìdúró náà ń dá kún un. Àwọn télọ̀ tó ń jókòó látàárọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ sílẹ̀ kò yọ nínú rẹ̀. Omi mímu kọ́ ló ń fà á rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òùngbẹ jẹ aboyún níyà. Ẹ má sì ra oògùn tí ń múni tọ̀ ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́.

Mo ní kí káfíńtà kan àpótí gíga fún mi kí n lè máa jókòó dirun. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, màá máa yí ọrùn ẹsẹ̀ po, màá máa na ọmọ ìka sókè sódò. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mò ń fi sùn, nítorí apá ọ̀tún ni iṣan ńlá yẹn wà, ìwúwo oyún á sì kúrò lórí rẹ̀. Mo dín iyọ̀ àti Maggi kù. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa mọ́, wíwú ẹsẹ̀ náà á ti lọ sílẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gùn sí i. Ara aboyún ń pèsè ohun kan tí wọ́n ń pè ní relaxin, tó ń dẹ okùn tó so eegun pọ̀ kí ìbàdí lè là fún ọmọ. Ti ẹsẹ̀ náà ń dẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ́ sí i lábẹ́ ìwúwo ara. Bàtà 39 ni mò ń wọ̀ kí n tó lóyún, 40 ni títí dòní. Oyún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣe èyí jù. Tí ẹ bá máa ra bàtà, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú, kí ẹ ra èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Sílípáàsì pẹlẹbẹ ń dá gìgísẹ̀ lóró.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wíwú tó ń bà mí lẹ́rù. Aboyún kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun tú irun tí mo dì fún un, ó ní irun náà le jù, pé ìyẹn ló ń fọ́ òun lórí. Mo wo ojú rẹ̀, ó wú títí dé ìpéǹpéjú, láàárọ̀ kùtù. Òrùka kò yí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó tún ní nǹkan ń tàn yànràn lójú òun. Mi ò tú irun kankan. Ọ̀kadà ò dáa fún un, kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá 140/90 dáadáa, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru, purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí gìrì mú aboyún, wọ́n sì gbẹ̀bí rẹ̀. Tìyátọmọ ló yè.

Láti ọ̀sẹ̀ ogún oyún síwájú ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún yìí, tí wọ́n ń pè ní pre-eclampsia, sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ojú tàbí ọwọ́ tó ṣàdédé wú, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, inú rírun lókè lábẹ́ ìhà: ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ẹ̀jẹ̀ ti lè dì sínú iṣan ibẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fi àdí pa á, ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìbímọ, ẹsẹ̀ lè tún wú fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i kó tó lọ. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ìfúnpá tó ń ga lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, nítorí náà tí orí bá ń fọ́ ìyá ọmọ tuntun tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ pọn ọmọ náà kí ẹ jọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.