Driver wà nínú JAR, síbẹ̀ Java kò rí i

Áàpù wẹ́ẹ̀bù kan tí mo fi Java kọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dì í sínú fáìlì JAR kan ṣoṣo tí mo sì gbé e lọ sórí server, ohun tí log ń kọ léraléra ni «No suitable driver found for jdbc:postgresql», ìyẹn ni pé kò rí driver, èròjà tí ń so Java pọ̀ mọ́ database PostgreSQL. Mo kọ́kọ́ fura sí àdírẹ́sì database, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí dé nọ́ńbà 5432, n kò rí àléébù kankan. Class org.postgresql.Driver náà wà nínú JAR; ojú ara mi ni mo fi rí i.

Láti ìgbà JDBC 4.0 (JDBC ni ọ̀nà tí Java ń gbà bá database sọ̀rọ̀) ni Java ti ń ka orúkọ àwọn driver láti inú fáìlì META-INF/services/java.sql.Driver. Nígbà tí mo fi unzip -p wo inú fáìlì yìí, ìlà kan péré ni mo bá níbẹ̀, ti MySQL sì ni. Driver méjì ni mo ń lò, ti PostgreSQL àti ti MySQL, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló gbé fáìlì olórúkọ kan náà wá, ọ̀kan ṣoṣo sì ni Maven Shade, irinṣẹ́ tí mo fi di JAR náà, mú. (Ó kìlọ̀ fún mi o; èmi ni n kò ka ìkìlọ̀.)

Mo fi ServicesResourceTransformer, tí ń so irú àwọn fáìlì bẹ́ẹ̀ pọ̀, kún pom.xml, fáìlì tí Maven ń ka ètò rẹ̀ láti inú rẹ̀, nígbà tí mo tún un dì, ìlà méjèèjì ti wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi Class.forName pe driver ní tààrà. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá àwọn fáìlì services yòókù tí ó sọnù lọ́nà kan náà padà.