Òkúta tó ń gba iná: ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má gba mítà gbọ́ jù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ sáùndì àti fọ́tò ní Òṣogbo níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pè mí láàárọ̀ Sátidé pé "ọ̀gá, òkúta máìkì mi ti kú, ibo ni mo ti lè rí òmíì rà", ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Òkúta, ìyẹn bátìrì kékeré AA àti AAA tó ń gba iná, ni mò ń wí o, mo ti ń lò ó tipẹ́, mo ń lò ó níbi iṣẹ́, mo ń lò ó nílé, mo sì ní ìwé kan tí mo ń kọ ìtàn ìkọ̀ọ̀kan wọn sí. Òkúta kì í kú lójijì. Ó ti ń kú díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ kẹ́ ẹ tó dé òde yẹn, a ò wọ̀n ọ́n ni, tàbí a wọ̀n ọ́n lọ́nà tí ò lè fi nǹkan kan hàn wá.

Ọ̀nà tí ò fi nǹkan hàn yẹn ni mítà lásán tó ń wọn volt. Gbogbo yín lẹ ní mítà, ẹ á gbé ẹnu ẹ̀ méjèèjì lé òkúta, ẹ á rí 1.3 volt, ẹ á ní ó ṣì lágbára. Ta ló sọ fún yín? NiMH, irú òkúta tó ń gba iná tá à ń sọ yìí, tó bá kún bámúbámú, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ṣájà, á fi bíi 1.4 hàn, tó bá pẹ́ díẹ̀ á wálẹ̀, látìgbà yẹn lọ ìtòsí 1.2 náà ló máa rọ̀ mọ́ títí iná inú ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà yẹn ló wá máa já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alkaline, òkúta lásán tí kì í gba iná, ò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.5 ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáá ni. Ìdí nìyẹn tí àmì bátìrì ara máìkì tí wọ́n ṣe fún alkaline fi máa ń sọ pé ó ku ààbọ̀ nígbà tí òkúta yín ṣì kún, tó bá sì wá sọ pé ó ku díẹ̀ lóòótọ́, kẹ́ ẹ tó yíjú, ohùn ti lọ. Àwọn máìkì mìíì wà tẹ́ ẹ lè sọ fún pé NiMH lẹ kì sínú wọn, ẹ lọ wá a nínú mẹ́nù, ọ̀pọ̀ yín ò tíì ṣí ibẹ̀ rí látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á.

Òkúta tó ti darúgbó ló wá mọ̀ ọ́n tàn wá jù. Méjì wà lórí tábìlì mi báyìí, àwọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n, mítà ka 1.32 fún ọ̀kan, ó ka 1.32 fún èkejì. Mo so rẹsísítọ̀ 3.3 ohm, ohun kékeré tó ń fa iná jáde níwọ̀nba, mọ́ ti àkọ́kọ́, ó wálẹ̀ sí 1.28, ó dúró síbẹ̀. Mo so ó mọ́ èkejì, 1.10, ó sì tún ń lọ sísàlẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó. Iná wà nínú ẹ̀ o, àmọ́ kò rọ́nà jáde bó ṣe yẹ mọ́. Rimóòtì ò ní mọ̀, torí ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni rimóòtì ń bèèrè. Àmọ́ ẹ ki mẹ́rin irú ẹ̀ sínú fláàṣì kẹ́ ẹ wò ó, ẹ á dúró títí kó tó ṣe tán láti bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan sí i, tọkọtaya á ti gé kéèkì tán, wọ́n á ti fi bọ ara wọn lẹ́nu.

Rẹsísítọ̀ yẹn ò wọ́n. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní 3.3 ohm tó lè gbé 2 watt, kẹ́ ẹ wá ilé òkúta ẹlẹ́yọ kan, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà jó wọn pọ̀. Ẹ rọ iná kún òkúta yín, ẹ jẹ́ kó sinmi bíi wákàtí kan, ẹ fi sínú ilé òkúta yẹn, ẹ kọ àkókò sílẹ̀. Iná tó ń gba ibẹ̀ jáde á wà ní bíi 360 mA, mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó. Ẹ máa yọjú sí i pẹ̀lú mítà, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti fura pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, torí tó bá ti kan 1.0 volt kẹ́ ẹ yọ ọ́ ni o, ẹ má gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú kó wá lọ sí òdo. Tó bá lo wákàtí márùn-ún ààbọ̀, 360 lọ́nà 5.5, ó ti ń lọ sí 2000 mAh nìyẹn, ìyẹn iye iná tó gbé, òkúta 2000 yín pé. Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré, kò ju bíi 1080 lọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe é fi ń wọ̀n ọ́n, IEC 61951-2 ni wọ́n ń pè é, ò jìnnà síyẹn: ìdá kan nínú mẹ́wàá iye mAh tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni wọ́n á fi rọ ọ́ fún wákàtí 16, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, wọ́n á wá fi ìdá kan nínú márùn-ún tú iná inú ẹ̀ jáde dé 1.0 volt. Fún 2000 mAh, 200 mA ló ń wọlé, 400 mA ló ń jáde. Tiwa ò lè pé tó tiwọn, kò burú, ohun tá a fẹ́ ni ká máa wọ̀n ọ́n bákan náà lọ́dọọdún kí ti èsí ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọdún yìí.

Ṣájà olójú gíláàsì tó ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí fúnra ẹ̀ wà, ó dáa, mo ní ọ̀kan, àmọ́ wọ́n á mú iná lọ nígbà tó ti ka á dé 1400, tí wọ́n bá dá a padà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó lè mú èèyàn sunkún. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn tiyín, ọ̀pọ̀ nínú wọn 12 volt ni wọ́n ń lò, bátìrì 12 volt kan á gbé e títí iṣẹ́ á fi parí.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí gan-an ló ń pa òkúta jù nílùú wa, mi ò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ṣájà pọ́ọ́kú tó ń bá òkúta wá nínú páálí, aago lásán ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò mọ̀ bóyá òkúta kún tàbí kò kún, ó kàn ń ka wákàtí ni, tó bá ka iye tí wọ́n ní kó kà á dáwọ́ dúró. Iná lọ, ó gbàgbé ibi tó kà á dé. Iná dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́ lórí òkúta tó ti kún tẹ́lẹ̀, iná tí ò ríbi gbà mọ́ á di ooru, ooru á máa lé omi inú ẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá mú iná wá lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan, ẹ ṣírò ẹ̀. Àwọn mìíì ò tiẹ̀ ní aago rárá. Ṣájà tó gbọ́n kì í ka wákàtí, volt ló ń ṣọ́, torí NiMH tó bá ti kún, volt ẹ̀ máa ń já wálẹ̀ táṣẹ́rẹ́, ìyẹn ló fi ń mọ̀ pé ó tó. Tí iná bá lọ tó tún dé, á yẹ̀ ẹ́ wò, á rí i pé ó ti yó, kò ní pẹ́ tó fi máa fi í sílẹ̀. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan tí òkúta ń wọ̀ nínú ṣájà ní àmì iná tiẹ̀ lára o, èyí tó jẹ́ pé òkúta méjì ló ń pín àmì iná kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ má sì rò pé bí iná bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó, nínú ṣájà ọlọ́gbọ́n iná tó kéré jù ò ní jẹ́ kí volt já lọ́nà tó máa rí, 500 sí 1000 mA tọ́ fún òkúta 2000. Lásìkò ooru Máàṣì ẹ má rọ ọ́ lọ́sàn-án gangan lábẹ́ páànù, ẹ dúró dalẹ́. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níparí kì í ṣe àìsàn, àmọ́ tí ẹ ò bá lè dì í mọ́wọ́, ẹ yọ ọ́.

Ó kan ìdí tí mo fi ń kọ nọ́ńbà sára wọn. Máìkì tí alága ìjókòó ń mú dání, òkúta méjì ló wà nínú ẹ̀, iná ń gba inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ká ní ọ̀kan ṣì gbé 2000, èkejì ti wálẹ̀ sí 1200. Èyí tó rẹ̀ á kọ́kọ́ tán, èyí tó lágbára ò sì mọ̀, á máa ti iná gba inú ẹ̀ kọjá tipátipá, ibi tó jẹ́ pọ́sítíìfù lára ẹ̀ á di nẹ́gétíìfù. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì tún kì í mọ́ òmíì á tún kó bá ìyẹn náà. Nítorí náà ẹ sọ wọ́n di ìbejì: A1 àti A2, B1 àti B2, ẹ fi máákà kọ ọ́ pẹ̀lú oṣù àti ọdún tẹ́ ẹ rà wọ́n, ibi tí Táíwò bá lọ ni Kẹ́hìndé ń lọ, inú ṣájà kan náà, inú máìkì kan náà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá da gbogbo ẹ̀ sínú báàgì kan lẹ́yìn òde, èmi máa ń ní kó jókòó tò wọ́n padà kó tó jẹun, wọ́n ní mo le, mo gbà.

Lọ́dún 2005 tí UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun tiwa sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé, ọdún yẹn náà ni Sanyo gbé Eneloop jáde ní Japan, ó sì tún ayé àwa tá à ń lo òkúta ṣe. NiMH àtijọ́, tẹ́ ẹ bá rọ iná sí i tẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ lóṣù kan láìfọwọ́ kàn án, ó lè sọ ìdá kan nínú márùn-ún nù, nígbà mìíì kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú tuntun yìí á ṣì di èyí tó pọ̀ jù nínú iná ẹ̀ mú lẹ́yìn ọdún kan. Panasonic tó ra Sanyo lẹ́yìn náà ní ó lè ṣẹ́ku 70% lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àmọ́ ní 20°C ni wọ́n wí, ẹ̀yin náà mọ bí yàrá yín ṣe ń gbóná tó. Irú yẹn ni kẹ́ ẹ rà. Ní oṣù Kẹjọ tí Arugbá bá ń lọ sódò, èrò ń tì yín síwá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa ní kí Arugbá dúró kẹ́ ẹ pààrọ̀ òkúta fláàṣì. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá fà yín lójú: Eneloop funfun 1900 mAh, wọ́n ní ó lè gba iná ní ìgbà 2100, èyí tó dúdú jẹ́ 2500 àmọ́ ìgbà 500 ni wọ́n kọ sí i. Funfun ni èmi ń rà, kí ẹlòmíì ra èyí tó wù ú.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń wọ̀n wọ́n, tí iṣẹ́ ò bá pọ̀. Èyí tí ò bá dé 1600 mọ́ nínú 2000, ó ti kúrò nínú fláàṣì, ó di ti máìkì. Tó bá lọ sábẹ́ 1200, ó ti kúrò níbi iṣẹ́ pátápátá, ó di ti rimóòtì àti tọ́ọ̀ṣì ilé. Mi ò ń kì í sínú ẹ̀rọ tí màmá mi fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ń béèrè iná nígbà tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ ọwọ́, òkúta àgbà á pa á láàárín méjì. Aago ara ògiri ńkọ́? Òkúta lásán pọ́ọ́kú tó fún un, kẹ́ ẹ sáà ti máa pààrọ̀ ẹ̀ kó tó ṣomi.

Tí òkúta bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ má fi ìwọ̀n àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Ẹ rọ ọ́ kún, ẹ tú u dé 1.0, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, èyí tó ka 1300 lákọ̀ọ́kọ́ lè padà ka 1800. Èyí tí ò bá gbéra lẹ́yìn ìyẹn, ó ti dàgbà nìyẹn.

Ó ku àwọn tuntun tó ní ojú USB lórí. Lithium ló wà nínú ìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ọ́ di 1.5 volt. Volt ẹ̀ kì í yẹ̀ títí tó fi máa tán, tó bá wá tán, ó tán náà nìyẹn, kò sí ìkìlọ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀ sì lè máa da rédíò láàmú, pàápàá AM, ìyẹn ni mi ò ṣe ń kì í sínú máìkì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ dáadáa, mWh ni, ìyẹn mAh lọ́nà volt, kì í ṣe mAh. 3000 mWh pín sí 1.5 volt, 2000 mAh náà ni. Òkúta NiMH 2000 yín, tẹ́ ẹ bá fi 1.2 lọ́po ẹ̀, 2400 mWh lòun náà. Ìyàtọ̀ ò tó ariwo tí wọ́n ń pa. AA NiMH tó bá ní òun gbé 4000, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. 18650, òkúta lithium gbọọrọ inú tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá kọ 9900 sí i, irọ́ ni, kò sí èyí tó dé 5000, èyí tó dáa gan-an máa ń wọ̀n tó giráàmù 45, tẹ́ ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n ìdáná tó fúyẹ́, ẹ bi ọlọ́jà ohun tó kì sínú ẹ̀.

Láńtánì àti fáànù tó ń gba iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, bátìrì olójé ló wà nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn, ìyẹn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé òun sílẹ̀ lófìfo láé, ẹ rọ ọ́ kún lálẹ́ tẹ́ ẹ bá lò ó.

Òkúta tó bá ti kú pátápátá, ẹ má sun ún mọ́ pàǹtí, ẹ má sì jù ú sódò. NiCd, irú òkúta tó ń gba iná tó ṣáájú NiMH, ní cadmium nínú, májèlé ni. Èmi ń kó tèmi sínú ike aláfẹnubò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ti lithium, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ ẹnu ẹ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó kó wọn pọ̀.