Àsíá Tó Ń Bani Lẹ́rù, Àsíá Tí Gbogbo Èèyàn Fẹ́ràn

Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò ní Dortmund kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 tó dé bá wa níbẹ̀, n kò sì rí ẹnì kan ní òpópónà wa tó so àsíá Jámánì mọ́ ojú fèrèsé rí. Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tí ogun Hitler bá lọ́mọdé, ló là mí lóye: ẹni tó bá so ó, ojú tí kò dáa làwọn èèyàn fi ń wò ó. Pápá Berlin tí Hitler kọ́ fún Òlíńpíìkì 1936, tó fi ṣe ṣekárími fáyé, ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gbá àṣekágbá sí.

Àfi bí oṣù kẹfà ṣe wọlé tí àsíá dúdú, pupa àti wúrà gba ìgboro: lára ọkọ̀, lójú fèrèsé, lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá, ní Dortmund wa níbẹ̀, David Odonkor, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ló gbá bọ́ọ̀lù sí Oliver Neuville tó fi jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Pólándì, nígbà tí 90 ìṣẹ́jú ti pé. Ọkùnrin kan tí a jọ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì láràárọ̀, tí kò kí mi rí, fò mọ́ mi lọ́rùn. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kí mi. Ìyá àgbà kò so tirẹ̀ o, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà tí mo kó lọ sí Johannesburg, ní South Africa, ní 2009, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kò sẹ́ni tí àsíá ń bà lẹ́rù níbẹ̀. 1994 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in, tẹrú-tọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sì ti rí ohun tí ìdíje lè ṣe, nítorí Mandela wọ aṣọ Springbok, ẹgbẹ́ rugby tí àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ràn, ní pápá Ellis Park ní 1995. Bí wọ́n á ṣe máa gbé pọ̀ ló kù. Tábìlì méjì ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ wa, ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú, kò sì sófin tó pín wọn. Rugby ti ìhín, bọ́ọ̀lù ti ọ̀hún.

Bí 2010 ṣe ń sún mọ́lé, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ yẹ́lò Bafana Bafana, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù South Africa, ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń tún Loftus, pápá ẹgbẹ́ Bulls ti Pretoria, ṣe de Ife Ẹ̀yẹ, ni Bulls bá lọ gbá àṣekágbá ìdíje rugby Super 14 ní pápá Orlando, ní Soweto tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, lóṣù karùn-ún. Ọ̀gá mi, òyìnbó tó ti lé ní 50 ọdún, tí ilé rẹ̀ sí Soweto kò tó wákàtí kan, kò débẹ̀ rí láyé rẹ̀ àfi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, tábìlì àwọn aláwọ̀ dúdú ló lọ jókòó sí láti ròyìn.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Tshabalala ti Bafana jẹ góòlù sáwọ̀n Mẹ́síkò, ariwo fèrè vuvuzela kò jẹ́ ká gbọ́ra wa. Nígbà tí Bafana já bọ́, tí wọ́n di olùgbàlejò àkọ́kọ́ tí kò kọjá ìpele ìpín, wọ́n sọ Gánà di tiwọn, wọ́n ń pè é ní BaGhana BaGhana. Wọ́n ń pe èmi náà ní ọmọ ìyá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, nítorí ní oṣù karùn-ún 2008, èèyàn tó lé ní 60 kú nígbà tí wọ́n dojú ìjà kọ àwọn àjèjì.

Mo gbà pé Jámánì jèrè ìdíje tirẹ̀ ju South Africa lọ. Àṣẹ láti yọ̀ ni Jámánì ń wá, oṣù kan sì tó fún un. Ní ti South Africa, bí wọ́n á ṣe máa gbé pọ̀ ni wọ́n ń wá, ìyẹn sì ju iṣẹ́ oṣù kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, àhesọ ń lọ kiri pé bí àlejò bá ti lọ tán, wọ́n á lé àwa àjèjì. Obìnrin ará Zimbabwe tí ilé wa kangun síra di ẹrù rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn tó wá wo bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n fẹ́ ni?” N kò mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹrù yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án kó tó tú u.