Ọdún ń parí: ilẹ̀ sítọ́ọ̀ àtijọ́ ló ń gbówó

Bí a bá ṣírò iṣẹ́ ọdún yìí lórí sítọ́ọ̀ kòkó tí wọ́n sọ di ọ́fíìsì ní Òṣogbo, ilẹ̀ inú ilé ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Kì í ṣe POP, kì í ṣe ilẹ̀kùn gíláàsì.

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, òwò kòkó sì gbilẹ̀. Sítọ́ọ̀ kòkó ò nílò ilẹ̀ gbígbẹ: orí pákó ni wọ́n ń to àpò sí, kí ọ̀rinrin má baà ba kòkó jẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ni kò ní ọ̀rá lábẹ́ kọnkéré. Omi ń gun un bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, ọ̀dà á máa bó, ọ̀gá kún-ún-lọ́dà á sì máa pariwo pé ọ̀dà ayédèrú ni wọ́n rà.

Dán an wò báyìí: gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ínǹṣì 18 níbùú lóròó, fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ pinpin, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí kọnkéré ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ ti dé. Dán an wò níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lẹ́bàá ògiri. Èyí tó bá gbẹ nínú ọyẹ́ yìí, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ tún un ṣe lóṣù keje.

Bí omi bá wà, ọ̀rá dúdú gauge 1000 ni kí ẹ tẹ́. Kí ọ̀kan gun èkejì ní ínǹṣì 6, kí etí rẹ̀ gun ògiri. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ gbé BRC (àwọ̀n irin inú kọnkéré) sókè díẹ̀. Tó bá sùn lé ọ̀rá, bàtà bíríkìlà á fi lu ọ̀rá náà. Kọnkéré ínǹṣì 3 ló kàn: sìmẹ́ǹtì àpò 1, yanrìn hẹ́ẹ̀dìpáànù 4, gíráníìtì 8. Bíríkìlà á ní kí wọ́n bu omi sí i, kó lè rọrùn láti tẹ́. Ẹ má gbà. Tó bá ti dì ni kí ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ 7. Ínǹṣì 3 yìí sì rèé, àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀ àfìgbà tí ilẹ̀kùn irin ò ṣí mọ́!

Táìsì ń fẹ́ àyè: ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á gbéra láàárín gbàgede lọ́sàn-án gangan.

Ògiri: ẹ fi igi gbé òkè ró kí ẹ tó gé fèrèsé, kí líńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré tó dábùú orí fèrèsé) sì wọ ògiri ní ínǹṣì 6, ó kéré tán, lọ́tùn-ún lósì.

Òrùlé asibẹ́sítọ̀sì (òrùlé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) ni kí ẹ má fi ṣeré rárá. Ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, ẹ tú bóòtù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, ẹ wé e sínú ọ̀rá nínípọn. Ìbòmú aláṣọ ò tó. Lẹ́yìn náà, páànù 0.55 mm, àti sílíìnì tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 10, kí éèsì má máa mú òfuurufú asán tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí òrùlé, láti ìsinsìnyí di ìparí oṣù kejì ni. Òjò àkọ́rọ̀ kì í kọ lẹ́tà kó tó dé.