Pàtẹ́wọ́ sí sílébù tó kẹ́yìn

Lálẹ́ àná, nílé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé jókòó ti iṣẹ́ àmúrelé Faransé. Wọ́n ní kó pín ọ̀rọ̀ sí sílébù. "Partir" kò yọ ọ́ lẹ́nu: kọ́ńsónáǹtì méjì, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, par-tir. Ló bá gé "tableau" náà sí tab-leau. Mo ní rárá o, ta-bleau ni, torí bí l tàbí r bá tẹ̀lé b, wọn kì í pínyà. Ó wò mí. "Tata", ìyẹn àǹtí lédè Faransé, "ta ló ṣòfin yẹn?" Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ìtẹnumọ́ gan-an ló wá dùn. Ọmọ Yorùbá ni, gbogbo sílébù ló fẹ́ fi ohùn sí bí ẹni ń lu gángan. Mo ní kó máa pàtẹ́wọ́ síbi tí ohùn bá ti wúwo. "Je viens": pà, lórí "viens". "Je viens demain": "main" ti gbà á. "Je viens demain matin": ó ti bọ́ sọ́wọ́ "tin". Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá kẹ́yìn ló ń gbẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni, àfi bó bá jẹ́ e tí kì í dún, bíi ti "table". "Ta" la ó tẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní "Tata, j'ai faim!", ìyẹn ni pé ebi ń pa òun, ó sì pàtẹ́wọ́ lé "faim" gbàà. Mo dìde lọ bu ẹ̀wà.