Ojú Àwo Kan, Ìjókòó Kan

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Oroki Social Club ló wà lórí ẹ̀rọ lálẹ́ yìí, àwo Haruna Ishola tí ilé-iṣẹ́ àwo Decca gbé jáde ní 1971. Òrokí tí wọ́n ń wí yẹn, Òṣogbo ni. Ẹgbẹ́ afẹ́ ibẹ̀ ni bàbá ń kì. Ẹni tí kò gbọ́ àpàlà rí tó bá ń retí gìtá níbẹ̀, á retí títí ni. Kò sí gìtá, kò sí fèrè òyìnbó. Iṣẹ́ tí gìtá béèsì ń ṣe nínú jùjú, agídìgbo ló ń ṣe é nínú àpàlà: àpótí pákó, irin pẹlẹbẹ mélòó kan lójú rẹ̀, ohùn tó ń dún bùm-bùm nísàlẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú yàrá kejì. Àkúbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ṣọ́ àkókò, gángan ń sọ̀rọ̀.

Gángan yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ́tí sí. Bí Haruna bá ti dárúkọ èèyàn tán, ẹ má tíì gbọ́kàn kúrò. Onílù á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, á fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tún un pè, nígbà mìíràn á fi oríkì tí olórin kò pè kún un. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa ráhùn pé orúkọ olówó ti pọ̀ jù nínú orin àwọn àgbà. Wọn ò parọ́, orúkọ pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fo ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ, ibi tí ìlù ti dùn jù ló fò yẹn.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ kéèyàn máa gbọ́ irú orin yìí ní gígé-gígé. Nígbà ayé àwo 78, èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan ń gbà. Kí olórin tó kí èèyàn méjì, àwo ti tán. LP dé, ìyẹn àwo ńlá tó ń rọra yí, ojú kan di ìṣẹ́jú méjìdínlógún sí méjìlélógún, àwọn olórin wa sì lò ó bí wọ́n ṣe ń ṣeré lóde àríyá: wọ́n á ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn, ìlù ò ní dúró. Ẹ gbé àwo jùjú àtijọ́ sábẹ́ iná kí ẹ wò ó dáadáa. Lára àwo òyìnbó, ẹ ó rí ìlà dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín orin kan níyà sí èkejì. Lára ọ̀pọ̀ tiwa, kò sí ìlà kankan. Bébà àárín lè to orúkọ orin márùn-ún sílẹ̀, àmọ́ láti etí dé àárín, ara àwo rí bákan náà ni.

Ẹ wá fi Juju Music King Sunny Adé wé e, èyí tí Island gbé jáde ní 1982. Lómè, ní Tógò, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, Martin Meissonnier ló ṣe olóòtú rẹ̀. Orin méje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, torí pé òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ orin tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ó mọ́ létí gan-an. Gìtá Hawaii Demola Adepoju, tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì kí wọ́n tó ta á, ń rọra yọ́ láàárín àwọn gìtá yòókù, kò sì sí ìlù kan tó bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ inú jùjú fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kó gbà wọlé, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ja Funmi. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà àbùjá ni. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta tí gìtá àti gángan fi máa ń fọ̀rọ̀ jomitoro láàárín orin kan àti òmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò kọrin, ìyẹn ni wọ́n yọ kúrò, ìyẹn sì ni àwọn àgbàlagbà fi ń jó.

Ẹni tó bá fẹ́ gba àwo rẹ̀ sórí fóònù, kó gba ojú kan lódindi.

Eré ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. 33⅓ ni LP ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ etí ibi tí àwo ń jókòó lé, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí bébà náà yí kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, 100 ló gbọ́dọ̀ pé. Bó bá jẹ́ 97 lẹ kà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rọ́bà tó ń yí i ti fà. Mẹ́ta tó dín yẹn ti tó láti mú ohùn wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì àlàfo tó wà láàárín ọmọ dùùrù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Gángan á ṣì pe ohun tó ń pè, torí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ wálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Haruna á wá dún bí ẹni tí oorun ń kùn.

Tí àwo bá ń fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé owó kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́. Ìwúwo gíráàmù 1.5 sí 2.5 ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ìsinsìnyí fẹ́. Kọ́bọ̀ á jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa fá ògiri ipa tó ń tọ̀ lára àwo, ohùn tíntìntín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyẹn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí ló sábà ń fa fífò. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà, ọṣẹ ìfọwo ẹ̀kán kan, aṣọ rírọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń gbà yípo, ẹ má fà á dábùú, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ti àwo 78 yàtọ̀: spirit ń yọ́ shellac tí wọ́n fi ṣe é, kó má ṣe débẹ̀ rárá.

Wáyà ẹ̀rọ náà, ihò PHONO lára ampílífáyà ló ń lọ. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ AUX lásán, ohùn á tín-ín-rín, àkúbà á sì pòórá. Nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ipa abẹ́rẹ́ má baà gbòòrò jù, wọ́n sì fi kún tòkè. PHONO ló ń dá a padà sípò. Ojú àwo tó bá gba ìṣẹ́jú méjìlélógún, àwọn ipa rẹ̀ ti há mọ́ra wọn, ohùn rẹ̀ á sì kéré ju tìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lọ. Kì í ṣe pé ampílífáyà yín bàjẹ́.

Ẹ fi ibi tí gbogbo ìlù ti wọlé díwọ̀n ohùn, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀, kí òkè rẹ̀ má kọjá −6 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn. WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀, ti ogún ìṣẹ́jú ní 44,100 Hz àti bíìtì 16 á tó nǹkan bíi MB 212. MP3 ti 320 kbps, èyí tí wọ́n fún pọ̀, á jẹ́ MB 48. Nínú áàpù tí ẹ fi ń gba ohùn, ẹ pa ohun tó ń yọ ariwo kúrò fúnra rẹ̀: kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ariwo eruku, á jẹ méjèèjì. Ẹ pa èyí tó ń pín orin níbi tó bá ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Bí olórin bá dákẹ́ kí gángan lè dá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló máa gé.

Ojú kìn-ín-ní ti ń parí lọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀ létí àwo ti ń dún bí iyanrìn. Àwo ò bàjẹ́: létí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ló ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítòsí àárín, 21 ló kù, a sì ń fún ohùn kan náà pọ̀ sínú àyè tí kò tó ìdajì.

Ó kan Confusion Fela lọ́la, ti 1975. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni orin ẹyọ kan náà, wọ́n sì ní láti gé e sí ojú méjì. Fela pẹ̀lú dùùrù oníná àti Tony Allen pẹ̀lú ìlù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ijó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ẹ má torí ìyẹn sún un síwájú. Ẹ gba ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ to èkejì tẹ̀ lé èkíní, kí ẹ sì fi àyè tí ẹ fi dìde yí àwo sílẹ̀ láàárín wọn.