Bí A Ṣe Ń Kó Ìrántí Ọsibítù Tí Wọ́n Ti Wó Jọ

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí: ẹ má fi ọdún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọn á kàn fojú bù ú ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ géètì báyìí, kí ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín?" Ọ̀rọ̀ á tú jáde.

Ẹ fún wọn ní bébà ńlá àti pẹ́ńsù, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ya ọgbà náà: ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́ọ̀dù, ilé ìdáná, ilé ìfọṣọ, ilé òkú. Ẹ má fi èyí tí ẹlòmíràn yà hàn wọ́n ṣáájú o, tiẹ̀ ni wọn á máa rántí. Ó kéré tán, kí ẹni 3 yà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ má pa á rẹ́; ó lè jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló yàtọ̀, torí yàrá máa ń pààrọ̀ iṣẹ́.

Nínú àwọn wọ́ọ̀dù gbọọrọ ayé àtijọ́, ìlà 2 ni bẹ́ẹ̀dì máa ń wà, wọ́n á kọjú síra, fèrèsé á wà láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì lára ògiri. Ẹ má bèèrè àpapọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń yí wọ́ọ̀dù ká lóru.

Lẹ́yìn náà ni ohun èlò. Báwo ni ẹ ṣe ń se abẹ́rẹ́ onígíláàsì? Kí ni ẹ fi ń gbé e jáde nínú omi gbígbóná? Bí wọ́n bá fọwọ́ júwe pé "ó gùn tó báyìí", ẹ sọ gígùn náà sókè, torí fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ kì í rí ọwọ́.

Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sí ẹnu wọn, ẹ ti ìpè pa, ẹ pa fáànù, ẹ sì dán an wò fún ìṣẹ́jú 1. Bó bá ti tó wákàtí 1 ààbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ sikáánà ya fọ́tò kékeré, 600 dpi ló ń fẹ́, ìyẹn ààmì 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni orúkọ máa ń wà. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má ṣí i, yóò ya. Ẹ yà á mọ́ ojú ìwé rẹ̀.

Orúkọ aláìsàn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ilé ló wó, àṣírí wọn kò bá a wó.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá bèèrè ọdún, kí ẹ sì so ó mọ́ nǹkan: ṣé wọ́n ti bí àkọ́bí wọn? Mátíróònù wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ dárúkọ gbogbo yàrá lórí àwòrán tó parí, kí ẹ sì gbé e padà lọ bá wọn. Ìgbà náà ni ẹnì kan lè nawọ́ sí ògiri tí ẹ yà láìsí àlàfo, kí ó ní, "Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbí. Ibẹ̀ la ń gbà gbé òkú jáde, kí àwọn aláìsàn tó kù má baà rí i."